Sípírìn Mẹ́jọ Tí Wọ́n Fi Ṣe Ènì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri Ìṣẹ́yìn pé mo rí ọ̀gá mi fín. Irọ́ ni. Sípírìn ni mo bèèrè. Sípírìn mẹ́jọ péré.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ládòkun. Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń fi bẹntiróò fọ nọ́ọ̀tì, tí ọ́ìlì kún èékánná mi débi pé màmá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ ṣe fríìdọ̀mù mi. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀gá á gbàdúrà fún ẹ, á gbé irinṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́, o ti di ọ̀gá ara ẹ nìyẹn. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, o gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ kan ṣe kí ọjọ́ yẹn tó pé. Tíṣẹ́ náà bá bàjẹ́, kò sí fríìdọ̀mù. Wàá tún fi ọdún kan sí i sin ọ̀gá.

Iṣẹ́ tèmi ni mọ́tò Gọ́ọ̀fù Bọ̀dá Ṣùkúrù. Kaṣú ni Bọ̀dá Ṣùkúrù ń rà ní Kòmú, ṣùgbọ́n eré mọ́tò ló wà lẹ́mìí ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Òtu fẹ́ sáré mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, òun náà bá lọ ra kamuṣáàfù eré wá láti Kùtọnú.

Kamuṣáàfù, fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ni irin gígùn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tó ní gegele lára. Gegele yẹn ló ń ti fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà, wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Ti eré yìí, gegele ẹ̀ ga gan-an. Ó ń ti fáàfù jìnnà, ó sì ń yára tì í. Ó dáa. Ta ló máa wá fa fáàfù padà? Sípírìn ni! Tí sípírìn ò bá lágbára, fáàfù á ṣì wà nísàlẹ̀ tó ń ṣe fàájì, písítìnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nísàlẹ̀ ẹ̀, á gòkè wá bá a, gbàù! Ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn.

Ni mo bá kọ lísìtì. Tápẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́jọ, irin tó wà láàárín gegele àti fáàfù, torí ti àtijọ́ ti jẹ mọ́ kamuṣáàfù àtijọ́. Àwo irin tó ń dé sípírìn lórí. Rọ́bà ọrùn fáàfù. Sípírìn eré: ìyá mẹ́jọ, ọmọ mẹ́jọ. Bá a ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Sípírìn ńlá ni ìyá, kékeré tó ń wọ inú ẹ̀ lọmọ. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbẹ́rù.

Ọ̀gá ní àwọn fúnra àwọn á lọ rà á lọ́wọ́ Bàbá Misturat tó ń ta páàtì lójú ọ̀nà Ṣakí. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n da nǹkan sílẹ̀ níwájú mi. Mo kà á. Mo tún un kà.

"Ọ̀gá, ìyá nìkan ni mo rí o. Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ sípírìn. Mo kọ ọ́ sí lísìtì."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Wàhíì, ìyá wà níwájú ẹ, o ń wá ọmọ. Ṣé ọmọ ti ń wù ẹ́ gbé pọ̀n ni? Lọ fẹ́ ọkọ!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ojú mi gbóná.

"Ọ̀gá, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọmọ."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó le. Ènì lásán lọmọ yẹn. A kì í bá ọlọ́jà jà torí ènì."

Ènì ẹ gbọ́! Bí ẹni tó ra gàrí tó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i! Mo ju ọ̀kan nínú ìyá náà sápò, mo gun ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Misturat.

Bàbá jókòó sórí táyà, wọ́n ń fi igi tayín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé sípírìn jáde.

"Bàbá, ẹ dákun, ọmọ eléyìí dà?"

"Ìyẹn? Mo ti yọ wọ́n sọ́tọ̀. Kékeré wọ̀nyẹn, ènì ni mo fi ń ṣe. Ọ̀gá ẹ ò sì bèèrè ènì."

"Ó wà nínú lísìtì o!"

"Mo rí 'ọmọ mẹ́jọ' níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀gá ẹ ń ṣẹ̀fẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi kó wọn. Kíá ni mo máa lọ."

Bàbá yọ igi lẹ́nu. "Wọn ò sí ńlẹ̀ mọ́. Ọdẹ kan láti Ìpàpó wá ra pílọ́ọ̀gì ọ̀kadà láàárọ̀ yìí. Ó nájà dáadáa, ó tún gbàdúrà fún mi, mo bá kó gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní òun máa fi tún pàkúté eku ṣe."

"Eku!" Ohùn mi ti lọ sókè, mi ò mọ̀gbà tó lọ. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń ta bàtà, ṣé tọ̀tún lẹ máa tà, kẹ́ ẹ wá fi tòsì ṣe ènì?"

"Má bú mi o! Mo bí ẹ lọ́mọ!"

"Mi ò bú yín, sà. Ṣé ẹ ní òmíràn?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ wá wo nǹkan tí mo bá! Ọ̀gá ti de ẹ́ńjìnnì pa. Iṣẹ́ tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n dá ṣe, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn dì í! Bọ̀dá Ṣùkúrù ti wà nínú mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ti wà lójú ihò.

"Sípírìn kan wà lápò mi," ni mo wí. "Kí lẹ fi sípò ẹ̀?"

"Mo fi àtijọ́ kan dí i," lọ̀gá wí. Bí ẹni fi pátákó dí fèrèsé!

Wọ́n kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kọjá orí ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò yẹn bá fọ́ lójú ọ̀nà Òtu, orúkọ ta ni wọ́n máa dá? Tèmi.

"Bọ̀dá Ṣùkúrù, ẹ má sítáàtì ẹ̀."

"Wàhíì!" Ọ̀gá ju sípánà sílẹ̀.

Mo mú ìyá àtijọ́ kan, mo ti ọmọ ẹ̀ bọ̀ ọ́ nínú. Mo tò ó mọ́ ìyá tuntun tó wà lápò mi, ìdí kan ìdí, mo fi wọ́n sáàárín fáìsì, irin orí tábìlì tó ń fún nǹkan pọ̀. "Ẹ wá wò ó, Bọ̀dá. Èyí tí ò lágbára ló máa kọ́kọ́ wó."

Mo ń yí i. Ìyá tuntun ń rún lọ, ó ń rún lọ, títí irin ẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra wọn. Àtijọ́ tòun tọmọ ẹ̀, díẹ̀ ló fi mì.

Bọ̀dá Ṣùkúrù la ẹnu. "Àtijọ́ wá lágbára ju tuntun lọ?"

"Torí pé ìyá nìkan ni. Àwọn ọmọ wà ní Ìpàpó, eku ni wọ́n fẹ́ fi pa."

"Ká dá àtijọ́ padà ńkọ́?"

"Kamuṣáàfù yìí á tì wọ́n kọjá ibi tágbára wọn mọ. Ẹ ò lè sáré ní Sátidé, Bọ̀dá. Ẹ má bínú."

Ó bínú. Ó ṣépè fún Kùtọnú, ó ṣépè fún eku. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀gá, ó ní, "Ládòkun, ò bá jẹ́ kí n lọ pa ara mi?"

Ọ̀gá yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "O ti dójú tì mí níwájú oníbàárà. Kò sí fríìdọ̀mù lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún kan sí i."

"Ọ̀gá, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Ọdún méjì!"

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, mo gbé e kọ́ sórí fáìsì.

"Bọ̀dá Ṣùkúrù, tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá tú u nílé wa. Tí sípírìn bá dé, màá tò ó fún yín bó ṣe yẹ."

"Tó o bá gbé mọ́tò yẹn jáde níbí," lọ̀gá wí, "má pe ara ẹ lọ́mọ iṣẹ́ mi mọ́ láyé."

Bọ̀dá Ṣùkúrù wò mí. Ó wo fáìsì. Ó wọnú mọ́tò, ó di sítíárìn mú, ó tú bíréèkì. Ó ní, "Ó yá."

Kò sẹ́ni tó bá mi tì í. Gbogbo àwọn tá a jọ ń jẹ ẹ̀wà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ojú ọ̀nà jáde ṣọ́ọ̀bù wa ga, iyanrìn sì pọ̀ níbẹ̀. Mo fi èjìká ti ìdí mọ́tò. Kò mì. Inú bí mi sí i, mo tún tì í, táyà yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí, ó di ojú títì.