Ọ̀rẹ́ Mi, Wá Wò Ó

Ọ̀rẹ́ mi... Ọ̀rẹ́ mi! Èmi Àsmá'ù, mo pe ìyá ọkọ mi ní ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu mi kọ́ o, ẹ̀rọ ni — ṣùgbọ́n ta ló fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́nu? Èmi náà ni. Àfọwọ́fà gbáà.

"Wá wò ó." Kò tilẹ̀ sí "ẹ" níwájú ẹ̀. Wá! Bí ẹni ń pe ọmọdé.

Faransé ló kó bá mi. "Envoyer à un ami" ló wà lára bọ́tìnì náà tẹ́lẹ̀, ni mo bá yí i sí Yorùbá: sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ. Ó dùn mọ́ mi. Oníbàárà tó bá rí aṣọ tó wù ú lójú òpó ayélujára wa á tẹ̀ ẹ́, á kọ orúkọ ara rẹ̀, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹnì kejì, ẹ̀rọ á sì bá a jíṣẹ́ lórí fóònù: "Lágbájá, ọ̀rẹ́ mi, wá wò ó. Láti ọ̀dọ̀ Tàmẹ̀dò." Ẹnì kan á sọ fún ẹnì kan. Mo ní kí n dán an wò láàárọ̀ yìí, mo wá nọ́ńbà tí mo mọ̀ lórí... ti Màmá. Ta ló rán mi?

Aṣọ ta tiẹ̀ ni mò ń tà? Aṣọ Màmá. Gbogbo àdìrẹ àti aṣọ bàsén dídán inú àwòrán wọ̀nyẹn, ìsọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Harobanda ni mo ti ya wọ́n. Bó bá ní òun ò ṣe mọ́, ó parí, màá jókòó sí àdúgbò Dar es Salam níbí, màá máa wo ògiri. "Ìyàwó," ó ní lọ́jọ́ tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, "ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àmọ́ ẹnu la fi ń polówó. Bọ́tìnì ò lẹ́nu." Ó ṣáà gbà. Ó gbà tán, mo wá...

Bùkárì ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Màmá ti fi fóònù ẹ̀ han gbogbo ìyá tó wà ní ìsọ̀ o! Ó ní kí wọ́n wá wo ọ̀rẹ́ òun." Ẹ̀rín ló rí nínú ẹ̀. Ayé mi —

Dúró ná. Kí ló ń dún? Fóònù mi ni.

"Ṣé ọ̀rẹ́ Alhaja nìyí? Ẹ bá mi mú bàsén aláwọ̀ aró sílẹ̀." Òmíràn tún ti wọlé, láti àdúgbò Bobiel, Haúsá ló fi kọ ọ́: "Ƙawar Hajiya, nawa ne?" Ọ̀rẹ́ Alhaja, èló ni? Òmíràn tún nìyí...

Háà. Ẹnu Màmá! Ó ń bú mi kiri ìsọ̀, èébú ń bá mi tajà! Ká ní "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá" ni mo kọ, ta ni ì bá yà wò ó? Bọ́tìnì ti lẹ́nu o! Ó ti lẹ́nu, ẹ gbà mí!

Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Aṣọ ń tà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú Màmá...

Ó tún dún.

"Àsmá'ù, ọ̀rẹ́ mi, wá wò ó. Láti ọ̀dọ̀ Mọ́rìlíátù."

Ta ni Mọ́rìlí — Màmá? Ẹ̀rọ mi ló gbé e wá, ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i lẹ́nu náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àfi kí ènìyàn fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, "ìyàwó" ni, "ìyàwó" ni. Kò pè mí lórúkọ rí. Ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ lásán báyìí, kò sí Alhaja, kò sí Màmá.

Màá tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, "ẹ" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn tó kù. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, n ò ní pa á rẹ́ láéláé.

Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ kúnlẹ̀? Láàárín yàrá, níwájú fóònù... Dìde, Àsmá'ù. Ọ̀rẹ́ rẹ ló ń pè ọ́.