Àpò Inú Gáùn Ojú-Àṣá

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé máa ń dunni. Ẹ bi Ìyá Aránṣọ léèrè. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní ìlú òkèèrè, ó máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́ta nínú rẹ̀ á sì bá "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi báyìí?" lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìró máṣíìnì. Àga méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún oníbàárà, àwọn oníbàárà kì í sì í jókòó.

Ojú ló wá dà á láàmú. Ẹni tó ti ń ránṣọ láti kékeré, ó di pé kó máa fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́nu, kó máa nà án sí abẹ́rẹ́, kí òwú máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ti máṣíìnì ò le. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wàhálà: bọ́tìnnì, ìṣẹ́tí, ẹnu àpò.

Lọ́dọọdún, òun ni ilé-ìwé girama tó wà ní òpópónà kejì máa ń gbé iṣẹ́ gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún. Lọ́dún yìí, nígbà tí àwọn ọmọ wá kó lè wọ̀n wọ́n, ọmọbìnrin kan ò tètè lọ. Ó ń wo bí ìyá ṣe ń bá abẹ́rẹ́ jà. Ó ní, "Ẹ gbé e wá, mà." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti òwú bọ̀ ọ́. Ìyá Aránṣọ ní, "Ọmọ yìí, ojú àṣá lo ní o." Orúkọ tó mọ́ ọn lára nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, Ojú-Àṣá á yà. Á jókòó sórí àga kejì, á máa ròyìn olùkọ́ tó ń sùn ní kíláàsì, á máa bá ìyá da epo sí máṣíìnì láti inú ìgò pẹlẹbẹ kan tó wà lórí tábìlì. Kó tó lọ, á ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, á gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré, kí ìyá lè rí nǹkan lò títí di ọ̀la. Lọ́jọ́ Fúráìdé, ọgbọ̀n ni, nítorí kò ní wá ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìyá Aránṣọ ò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń ra bisikíìtì sílẹ̀ dè é, ó sì ti ń wo aago láti ọwọ́ ọ̀sán. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ òfin kan fún un: "Ìyá, lọ́dún yìí, kò gbọdọ̀ sí àpò lára gáùn kankan." Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ gbé ọtí pamọ́ sábẹ́ gáùn wọlé, ọmọkùnrin kan mu ún títí tó fi dákú sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù. Ẹni tí wọ́n bá ká ọtí mọ́ lọ́wọ́ báyìí, kò ní gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lórí pèpéle. Nígbà tó sì jẹ́ pé Ìyá Aránṣọ ló mọ gbogbo ibi tó ti rán gáùn, òun ni wọ́n ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó máa yẹ gáùn àwọn ọmọbìnrin wò.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ojú-Àṣá bá sún mọ́ ọn. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá àpò kan sínú tèmi, lápá òsì. Fóònù mi ni mo fẹ́ kì bọ̀ ọ́."

"Òfin ńkọ́?"

"Tèmi nìkan ni, mà. Ta ló máa mọ̀?"

Ó fi ìka wọn bó ṣe máa jìn tó, ó ní kó ní ikùn díẹ̀. Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ká ní ìyẹ́ ni ọmọ yìí ní kó rán mọ́ gáùn, á rán an. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àpò ti wà níbẹ̀.

Àmọ́ aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í dá àpò kó má dán an wò. Ó ki fóònù tirẹ̀ bọ̀ ọ́, fóònù rì sísàlẹ̀, àyè ṣì ṣẹ́ kù tó fi lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Fóònù wo ló sanra tó báyìí? Ojú rẹ̀ bá lọ síbi ìgò epo. Ó ki ìgò náà bọ àpò, ó ṣe rẹ́gí. Ọkọ rẹ̀ ló sì ni ìgò náà. Nígbà ayé rẹ̀, ọtí ló wà nínú rẹ̀, ọtí yẹn náà ló mú un lọ, irú ìgò kan náà ni wọ́n ṣì ń rọ ọ́ sí títí dòní. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń mú un lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti rí ìwọ̀n.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá Aránṣọ jókòó. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí ló kọ́kọ́ dùn ún. Àga kejì yẹn ló ń wò: ṣé èmi ni ọmọ yìí ń wá wò láti oṣù méjì, àbí àpò? Tó bá sọ fún ọ̀gá, ọmọ ò ní gun pèpéle. Tó bá sì dákẹ́, àga kejì ò ní ṣófo. Àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ nínú èyí tí ọmọ náà ti òwú bọ̀, ó fi rán ẹnu àpò náà pa.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Ojú-Àṣá wá gba gáùn lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún un ní gbangba: "Mo ti rán àpò yẹn pa. Ìwọ àti ta lẹ fẹ́ jọ mu ún?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Àwa márùn-ún ni, mà. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ yín."

"Ṣé nítorí àpò lo ṣe ń wá látọjọ́ yìí?"

Ọmọ náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti le. "Abájọ tí ọmọ yín gan-an ò fi fẹ́ wálé."

Ó mú gáùn, ó lọ. Kò ti òwú bọ abẹ́rẹ́ kankan lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn ọmọbìnrin tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láàárọ̀, Ìyá Aránṣọ ń fọwọ́ tọ́ gáùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó kan Ojú-Àṣá. Ọwọ́ ìyá dé apá òsì, ó kan nǹkan líle. Ọmọ náà ti tú ẹnu àpò tí ìyá rán pa. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìjókòó iwájú, ó ń juwọ́ sí i, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ìṣẹ́tí ṣe, ó fi ara rẹ̀ bo olùkọ́ lójú, ó yọ ìgò náà, ó jù ú sínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ láàárín téèpù àti sísọ́ọ̀sì.

Ó rọra sọ ọ́ sétí rẹ̀ pé, "Wọ́n lè gbé òmíràn fún ẹ lónìí. Irú ọjọ́ báyìí ni ọ̀rẹ́ gbé ti àkọ́kọ́ fún ọkọ mi. Kó o sọ pé o ò mu."

"Ṣé kò sí nǹkan, mà?" olùkọ́ bèèrè.

"Ìṣẹ́tí rẹ̀ ló fẹ́ tú."

Ojú-Àṣá wọlé, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n pè é sórí pèpéle, Ìyá Aránṣọ pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn títí ọwọ́ fi ta á. Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń jáde. Ọmọ náà kọjá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kò gbójú sókè. Ìyá Aránṣọ lọ sílé, ó da ọtí náà sínú gọ́tà.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀ ó ra bisikíìtì ní Mọ́ńdè. Ó tún rà á ní Túsìdeè. Iṣẹ́ ọwọ́ ń gorí ara wọn lórí tábìlì, ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá lọ pé kí wọ́n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́, àwọn kan ṣe é, àwọn kan ní àwọn ń kánjú.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó bá gáùn kan tí wọ́n fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ máa ń dá a padà fún un kó lè tún un ṣe de ọdún tó ń bọ̀. Èyí ti mọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ kan apá òsì, ó kan nǹkan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa aṣọ kan yọ tí wọ́n ká jọ. Abẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òwú ti wà lójú gbogbo wọn, dúdú, funfun, búlúù, wọ́n wé ti ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lára kó má baà lọ́.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan. Kì í ṣe nítorí àpò ni ọmọ náà ṣe ń wá. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó ka mẹ́wàá. Ó ka ọgbọ̀n. Nígbà tó dé ọgọ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ò yá mọ́, nítorí ó mọ bí ọmọ yìí ṣe ń ṣírò: mẹ́wàá fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò ní wá. Igba ni wọ́n.

Ó wo àga kejì, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Bọ́tìnnì àwọn èèyàn wà nílẹ̀. Ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ, ó ku igba ó dín ọ̀kan.