Ìlà Kẹta Tí Wọ́n Pa

Ìwọ tó ń kà á, gbọ́ mi. Bí ohùn ẹni rẹ kan bá wà ní sítúdíò, má jẹ́ kí wọ́n so orin rẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Má sì sọ pé èmi ni mo sọ fún ọ. Tchaourou kò tóbi.

Ìyá mi, Maïmounatou, gba wákà sílẹ̀ ní sítúdíò Rachidi kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Ìyá mi ló ń dá orin, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè. Jímọ̀ọ́ ni àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, a fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ gba CD. Rachidi tẹ orin náà. Ìlù dé. Àwọn obìnrin gbè. Wọ́n tún gbè. Kò sí ẹni tó ń dá a fún wọn.

Mo ní, Rachidi, ìyá mi dà?

Ó kọ́kọ́ wo Karimou, tó ń ṣètò ìbò fún ọkùnrin kan tó fẹ́ di député nílé aṣòfin. Karimou jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹran sísun.

Rachidi wá ṣàlàyé. Nínú gbogbo orin tó bá gbà sílẹ̀, ìlà kìíní ni ti ìlù, ìkejì ti àwọn tó ń gbè, ìkẹta ti obìnrin tó ń dá a. Kò fẹ́ máa tún iṣẹ́ kan náà ṣe, ló bá so gbogbo orin mọ́ mixage kan ṣoṣo, ibi tó ti ń po ohùn pọ̀, nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá gbé ohùn kan sókè nínú ọ̀kan, á gbéra nínú gbogbo wọn. Raliatou ló dá orin ìbò Karimou. Raliatou ti wá bọ́ sí ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Karimou ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Rachidi pa ìlà kẹta. Ohùn ìyá mi bá a lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tú tiwa sọ́tọ̀. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, kí n ní sùúrù dìgbà tí ìbò bá kọjá.

Karimou nu ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ tí wọ́n fi ń bo kọ̀ǹpútà. "Tata Adjara," ó ní fún mi, "òkú kò ní káàdì ìbò."

Rachidi rẹ́rìn-ín. Rachidi tí ìyá mi máa ń bu iyán fún. Itọ́ kíkan kún mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Àwọn ọmọọ̀ta Karimou mọ ilé mi.

Rachidi sin Karimou jáde dé ìdí alùpùpù rẹ̀. Ó ku èmi nìkan. Orin ṣì ń lọ, àmì pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹta lójú kọ̀ǹpútà. Mo ti rí bí Rachidi ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tó fi ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá ẹran láti ara aṣọ yẹn ló bò ó, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ó rí mi lára bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan ìgbẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì náà kú. Ìyá mi dá orin.

Rachidi wọlé. Ó wo ibi tí àmì náà wà, ó wo ojú mi. Ó ṣe CD mi. Lẹ́yìn náà ó ṣe ti Karimou, kò sì tún pa ìlà kẹta.

Ní Jímọ̀ọ́, ìyá mi kọrin, àwọn èèyàn sunkún. Lọ́jọ́ Àìkú, níbi ìpàdé ìbò nítòsí rélùwéè, ohùn Raliatou ń yin olùdíje Karimou nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, Raliatou fúnra rẹ̀ sì dúró lódìkejì títì, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kejì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí.

Nírọ̀lẹ́, Karimou fa Rachidi lọ́rùn ẹ̀wù wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Òórùn ẹran ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Rachidi ń làágùn, ó ń fi apá ẹ̀wù nu imú. Rachidi ṣì ń rí mi lára. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wá dá Karimou lóhùn.

"Tonton, mixage kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Mo ti sọ ọ́. Ẹ lù mí bí ẹ bá fẹ́. Mi ò ní la ẹnu mi mọ́."