Katakata Kékeré Hájíà Àsíyátù

Ní oṣù keje ọdún 1982, ewúrẹ́ Agatha aládùúgbò wọn wọ inú koríko ilé Ọlọ́runlékè ní Ìyàrá, kò sì jáde. Wọ́n pè é títí, wọ́n fi èèpo iṣu tàn án, kò jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó rọra rìn síta, ọmọ méjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Agatha dúró sójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

"Bàbá Monica, ẹ ṣeun o! Ilé ìgbẹ̀bí yín dára!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọlọ́runlékè ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju éékà mẹ́rin. Iwájú ilé wà níbẹ̀, tó fẹ́ kó máa mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ bíi tàwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọgbà ọsàn wà lẹ́yìn, ibi tí Cecilia ìyàwó rẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba àdá mọ́. Àwọn tó máa ń fi láńgaláńga gé koríko fún un ti bá iṣẹ́ títì lọ, òjò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

"Mo máa ra katakata," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Cecilia ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. "Katakata? Fún éékà mẹ́rin?"

"Àlòkù ni. Èyí tó ti dàgbà dáadáa. Àwọn katakata àtijọ́ lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ."

"Ẹ̀yin náà ti dàgbà dáadáa. Ṣé ẹ lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni?"

Ọlọ́runlékè wọlé lọ mú fìlà rẹ̀. Akọ̀wé ló jẹ́ ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìlọrin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí katakata kan tó wọ ọwọ́ ìjọba nígbà ayé rẹ̀ tí kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe wúwo tó. Ó mọ iye ọdún tí táyà ń lò, ó mọ èyí tó ń mu pẹtiróòlù àti èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe rí ni kó gun orí ọ̀kan.

Ó lọ bá Tájù, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà Kábbà. Tájù mọ ibi tí ògbólógbòó katakata mẹ́ta wà fún títà, ó sì gbà láti fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ gbé e lọ wò wọ́n. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbéra ni Cecilia jáde pẹ̀lú okùn gígùn kan ní ọwọ́ rẹ̀, ó ti ta kókó méjì sí i lára.

"Kí ni èyí?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Kókó àkọ́kọ́ ni bí ẹnu géètì wa ṣe fẹ̀ tó. Ìkejì ni àárín igi ọsàn sí igi ọsàn. Ẹ sún sọ́hùn-ún kí n jókòó."

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Àmúrò, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bámigbóyè. Pupa ni katakata tirẹ̀, igi ìbẹ́pẹ sì ti hù gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ti so èso. Tájù yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà," ni Bámigbóyè wí.

"Níbo?"

"Ní Òkènè."

Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n gba ìbẹ́pẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀.

Ìyamoyè ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Katakata búlúù tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaiah ní níbẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí Ọlọ́runlékè fi ní láti gbé fìlà rẹ̀ sẹ́yìn kó tó rí orí rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Nígbà tí Isaiah tan án, ilẹ̀ mì, àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi máńgòrò fò lọ tán. Ọlọ́runlékè dúró síbẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ó fọwọ́ pa á lára. Ó rí ara rẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń kọjá níwájú ilé Agatha, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Èyí ni," ló wí. "Ẹ má wulẹ̀ lọ síbòmíràn mọ́."

Cecilia na okùn rẹ̀ láti táyà kan dé èkejì. Okùn tán, táyà ṣẹ́ kù.

"Kò lè wọlé," ló wí.

"A ó wó géètì."

"Ọgbà ọsàn ńkọ́?"

"A lè gé ìlà kan kúrò."

"Ìlà wo? Èyí tí bàbá yín gbìn ni, àbí èyí tí a gbìn nígbà tí a bí Monica?"

Ọlọ́runlékè wo Tájù pé kó gba òun. Tájù nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Bàbá, oko ńlá ni wọ́n ṣe èyí fún. Bó bá gun orí ilẹ̀ ẹ̀fọ́ Ìyá lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ náà á le bíi sìmẹ́ǹtì. Kò sì lè ṣẹ́rí padà lábẹ́ ọsàn. Ó dára o, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọmọ odó po tíì?"

Láti Ìyamoyè dé Kábbà, Ọlọ́runlékè ń bojú wo ẹ̀yìn. Cecilia gé ìbẹ́pẹ, ó nà án sí i. Kò kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tó yá, ó gbà á.

Opó oníṣòwò aṣọ kan ni Hájíà Àsíyátù ní Kábbà. Ọkọ rẹ̀, Láwọ̀yín, ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó sì fi katakata kékeré kan sílẹ̀, aláwọ̀ eérú, tí ìgbáròkó èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó. Abẹ́ ìbòrí páànù ló wà, ẹní bò ó bí aláìsàn tí wọn kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí. Àràárọ̀ Jímọ̀ ni Hájíà máa ń ní kí wọ́n tan án, kó má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Tájù dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kò rí ọ́ìlì tó ń jò. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nu ún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí abẹ ìgékoríko, ó fi ọwọ́ yí i, kò há. "Ohun èlò àtúnṣe rẹ̀ kò sì wọ́n," ló wí. "Mo lè rí i ní Ìlọrin, kódà níbí." Cecilia na okùn rẹ̀. Táyà tán, okùn ṣẹ́ kù.

"Ó kéré," ni Ọlọ́runlékè wí.

Hájíà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. "Ókun o," ló kí wọn.

"Ókun o, Hájíà."

"Ta ló sọ pé ó kéré? Òun ló tọ́ ọmọ mẹ́fà nínú ilé yìí." Ó jókòó sórí àpótí. "Ẹ gbọ́. Ẹni méjì ti wá ṣáájú yín. Ọ̀kan fẹ́ fi kó yanrìn, èkejì fẹ́ tú u tà. Mo lé àwọn méjèèjì. Koríko iwájú ilé mi nìyẹn. Ẹni tó bá gé e láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, òun ni mo máa tà á fún."

Inú Ọlọ́runlékè dùn. Ó gun orí rẹ̀, ó gbá agbádá mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàka. "Èyí ni kílọ́ọ̀ṣì. Èyí ni búréèkì. Èyí ló ń gbé abẹ sókè, èyí ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí ni…"

"Mo mọ orúkọ wọn," ni Hájíà wí. "Àwọn ni kò tíì mọ̀ yín."

Tájù bá a tan án. Ọlọ́runlékè tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Katakata fò. Ẹ̀yìn ló fò sí. Ó wọ inú okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó fà á já, ó kọ lu ebè iṣu, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Ìró Hájíà kan ti wé mọ́ páìpù èéfín, ìborùn kan bo fìlà Ọlọ́runlékè.

Tájù yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Cecilia bọ́ bàtà. Ó so ìró rẹ̀ le. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, Bàbá Monica."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ ṣáà sọ̀kalẹ̀."

Ó jókòó, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yan jíà, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ kúrò bí ẹni tó ń yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ orí ọmọ tó ti sùn. Katakata rọra gbéra. Ó sọ abẹ kalẹ̀, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ó lọ dé ìdí ògiri, ó ṣẹ́rí padà lábẹ́ igi òroǹbó láìfara kan ewé, ó tẹ̀ lé etí ibi tó ti gé. Ìgbà mẹ́jọ ló lọ tó bọ̀. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, iwájú ilé Hájíà ti tẹ́jú, òórùn koríko tútù sì gba gbogbo ibẹ̀.

Ọlọ́runlékè ṣì di ìborùn Hájíà mú lọ́wọ́. "Cecilia. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ọsibítù míṣọ̀n ní Ìyàgbà, nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì, kí n tó fẹ́ yín. Awakọ̀ tó ń fi katakata fa àgbá omi láti odò ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mo fi wà á. Mo kúkú sọ fún yín. Mo ní èmi ni mo ń pọn omi fún ọsibítù."

"Mo rò pé orí lo fi ń rù ú ni!"

"Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni, kò bi í. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ó wò ó bó ṣe ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko kó tó wọ bàtà, ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bí ojú ṣe tì í lọ, bí ẹni tó rí yàrá kan nínú ilé ara rẹ̀ tí kò wọ̀ rí.

"Ìwọ ni mo tà á fún," ni Hájíà wí fún Cecilia. "Orúkọ rẹ ni kí wọ́n kọ síwèé."

Ọlọ́runlékè fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé akọ̀wé àgbà: *Ìyáàfin Cecilia Ọlọ́runlékè, oníkatakata.* Hájíà ní òun kò rí ìwé tó rẹwà báyẹn rí.

Cecilia ló wà á relé lọ́jọ́ kejì. Oòrùn mú, nítorí náà Ọlọ́runlékè jókòó sórí irin tó bo táyà, ó na agboòrùn sórí ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí wọn láti etí ọ̀nà, àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin ni kọ̀ǹdọ́!" ni ẹnìkan kígbe. Ó juwọ́ sí i. "Èmi ni! Ṣé o máa wọlé?"

Katakata wọ géètì láìkan nǹkan kan. Ṣáájú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Cecilia ti gé koríko tán, Agatha lè rí ilé wọn láti ojú fèrèsé tirẹ̀, ó sì bínú díẹ̀, torí pé kò mọ ibi tí ewúrẹ́ òun máa bímọ sí mọ́.

Oṣù méjì ni Cecilia fi kọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, ó ń pariwo, "Ẹ rọra gbé e! Ẹ rọra!" Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó ní kó máa wà á fúnra rẹ̀, òun fẹ́ lọ sí ọjà Kábbà. Ó lọ, ó dé. Ọlọ́runlékè dúró lẹ́nu géètì, kò jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Cecilia, mo gé gbogbo rẹ̀."

"Ẹ ṣeun."

"Mo ní gbogbo rẹ̀ ni."

Ó lọ wò ó. Iwájú ilé tẹ́jú, abẹ́ ọsàn tẹ́jú. Ilẹ̀ ata náà tẹ́jú, ata pupa fọ́n káàkiri ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Cecilia jókòó sílẹ̀ láàárín ata, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mú agbọ̀n wá, ó tẹ̀ ba pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata.

Wọ́n sá lára rẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n kan lọ fún Hájíà Àsíyátù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Hájíà dúpẹ́, ó wá bi Ọlọ́runlékè pé, "Katakata mi ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le," ni Ọlọ́runlékè wí. "Ata ló fẹ́ràn jù."

Hájíà wo Cecilia. Cecilia wo ilẹ̀. Wọ́n gbé iyán wá, wọ́n sì jẹun.