Akọ Mẹ́jọ Nínú Táǹkì Keje

Ó ti lé lógún ọdún tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹja ti ń tọ́jú ẹja nílé ìwádìí náà. Òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń pààrọ̀ omi, ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń wo bí àwọn ẹja kéékèèké ṣe ń yan ọkọ. Nínú táǹkì keje, akọ mẹ́fà ló kó sọ́dọ̀ abo mẹ́fà. Àwọn akọ a na ìrù pupa wọn, wọn a máa jó yí abo po. Abo a máa yanga, a wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀ kó tó gba ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ẹ̀rọ tó ń mú omi táǹkì kẹrin lọ́ wọ́ọ́rọ́ bàjẹ́. Ìyá Ẹja kó akọ mẹ́jọ inú rẹ̀ sínú táǹkì keje, ó ní tó bá di ọ̀sán òun á kó wọn kúrò. Ni wọ́n bá pè é pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń rọbí. Ayọ̀ ọmọ-ọmọ gbé e lọ, ọ̀rọ̀ ẹja fò lọ lórí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló tó rántí. Nígbà tó débẹ̀, inú táǹkì ti dàrú. Akọ ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó ráyè ijó mọ́. Ṣe ni wọ́n ń lé àwọn abo kiri, tí wọ́n ń fipá gùn wọ́n, lẹbẹ wọn ti ya jálajàla. Ó sáré kó akọ mẹ́jọ náà jáde. Ó wo ìwé ńlá, ó wo ilẹ̀kùn, kò kọ nǹkan kan.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan làwọn abo fi sá pamọ́ sábẹ́ ewé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí náà ló kọ, pé abo ò yan akọ kankan mọ́. Ọ̀gá wọn obìnrin kà á, ó ju bébà sílẹ̀.

"Ṣé o wò wọ́n lóòótọ́, àbí ilé lo jókòó sí tó o kọ ọ́?"

"Mo wò wọ́n, mà." Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó yíjú sí Ìyá Ẹja tó ń bọ́ ẹja nítòsí. "Mọ̀mí, ṣé nǹkan ṣe àwọn ẹja yìí ni?"

"Rárá o, ọmọ mi."

Ó gbọ́ irọ́ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ojú tì í wọnú egungun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń yẹra fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n gbé ọmọ-ọmọ lé e lọ́wọ́, kò lè wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé.

"Èmi ni mo da akọ pọ̀ nínú táǹkì keje. Ọmọ yìí ò mọwọ́mẹsẹ̀."

"Ìyá Ẹja! Ìwọ?" Ọ̀gá yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ọmọbìnrin náà ò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Akọ mélòó, mà? Ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo?"

Ó tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀: ó fi akọ díẹ̀ síbí, ó fi púpọ̀ sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Níbi tí akọ ò ti pọ̀, ijó ni, abo sì ń yàn. Níbi tí wọ́n ti kún, ipá ni.

Lọ́jọ́ tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fáwọn àlejò tó wá gbọ́ ọ, ó nawọ́ sẹ́yìn yàrá, síbi tí Ìyá Ẹja dúró sí. "Ìyá wa yìí ló kọ́kọ́ rí i."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Ìtìjú ọjọ́ náà ju ti ọjọ́ tó jẹ́wọ́ lọ. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ síta.