Ìyá Aláriwo àti Ẹyẹ Funfun

Ogún ọdún ni mo ti ń lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi létí odò. N kì í lo kànnàkànnà, ohùn mi tó. Bí mo bá ké "Haaa!", ẹ̀gà á fò, àṣá á yà, ọkọ mi tó ń sùn lábẹ́ àtíbàbà á ta gìrì. Ìyá Aláriwo ni gbogbo àgbẹ̀ etí odò ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Àṣé ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń yé sáàárín ìrẹsì wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé! Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń dáàbò bo ẹyẹ àti ẹranko, bàtà rẹ̀ mọ́ ju abọ́ tí mo fi ń jẹun lọ. Ó ní ẹni tí ọmọ ẹyẹ yìí bá dàgbà lóko rẹ̀ nìkan ló máa máa dáko létí odò. Àwọn yòókù á kó kúrò. Ló bá yíjú sí mi. "Màmá, ẹ má pariwo mọ́ o. Ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n."

Èmi! Mo panu mọ́. Ìtẹ́ mẹ́rin ló wà lóko mi lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, àṣá ti kó ọmọ inú ìtẹ́ mẹ́ta lọ. Mo fẹjọ́ sun ọ̀gá, ó ní ẹsẹ̀ mi ló ń dún jù. Bí mo ṣe ń yọ́ rìn lóko bàbá mi bí olè nìyẹn. Inú mi bàjẹ́, mo sunkún.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ọ̀gá kó àlejò mẹ́fà wá. Gbogbo wa lóṣòó sínú ẹrẹ̀, à ń wo ìtẹ́ kan ṣoṣo tó kù. Ìyá ẹyẹ ràdọ̀ bo ọmọ. Ni àṣá bá yọ lókè. Mo nàka sí i. Ọ̀gá fìka lé ètè.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ó máa kọjá."

Kò kọjá. Ó ń já bọ̀ ni. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde: "Haaaaa!"

Àṣá ṣẹ́rí padà. Àlejò kan fìdí jókòó sómi. Ọ̀gá káwọ́ lérí. Ìyá ẹyẹ ńkọ́? Kò mira. Ẹni tó ti ń gbọ́ ohùn mi láti inú ẹyin, kí ni mo fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Ọmọ ẹyẹ dàgbà, oko kù sí mi lọ́wọ́. Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì: ọ̀gá ti ṣàwárí pé ariwo ń lé àṣá, wọ́n sì ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, obìnrin kan dé pẹ̀lú ìwé àti fèrè. Ó ní wọ́n rán òun wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pariwo.

Mo gbé àga fún un, mo jókòó, mo tẹ́tí. Ó fọn fèrè, ó ké.

Ọkọ mi ò tiẹ̀ yíra padà lójú oorun.