Yísà Lọ Wo Ilé-Ìwé Dókítà

Bí ẹ bá kí Yísà pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wò bóyá ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́ kó tó dá yín lóhùn. Bó bá ra omi inú ọ̀rá, á gbé e sójú oòrùn, á mì í, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á wá ní kí ẹni tó tà á fún un kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ wálé, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí ìbòjú obìnrin náà wò, kí wọ́n má baà ti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Dírẹ́bà ni. Ó ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí Phase 1, ilé tirẹ̀ sì wà ní Ajah, lẹ́yìn Abraham Adésànyà Estate, ní àdúgbò tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ tán, ẹja á máa kan ilẹ̀kùn.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ tó ju omi inú ọ̀rá lọ dé bá a. Ràhímátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ di dókítà, ilé-ìwé méjì sì ló ní kó máa bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba, ní ìhà Kwárà. Owó tibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé, lójú Yísà, bí èèyàn bá fi ẹ̀bà ránṣẹ́ sí ọmọ níbẹ̀, á ti padà di gààrí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti aládàáni, tuntun ni, ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí níhìn-ín. Owó tiwọn ń fa ojú sánmà ya, àmọ́ wọ́n ní nítorí ọpọlọ ọmọ náà, àwọn ti gé ìdajì kúrò níbẹ̀. Yísà máa ta ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní Bógíjè kó lè rí ìdajì tó kù. Ilẹ̀ yẹn nìkan ló ní láyé, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ilé-ìwé méjèèjì fẹ́ gbọ́ èsì.

Fúnláyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ níwájú ilé, ti mú tirẹ̀: Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ni. Ibẹ̀ lòun lè gbé ọbẹ̀ lọ fún ọmọ òun kó ṣì máa hó nínú ìkòkò. Ràhímátù ní Kwárà lòun fẹ́. Ara fu Yísà gan-an níbẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù aáyán!

"Ràhímátù, kí ló wà ní Kwárà?"

"Ilé-ìwé ni, Bàbá mi."

"Mo mọ̀ pé ilé-ìwé ni. Kí ló wà lẹ́yìn ilé-ìwé?"

"Ọsibítù ni, sà."

"Lẹ́yìn ọsibítù ńkọ́?"

Fúnláyọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣínnì. "Bàbá Ràhímà, mọ́ṣúárì ló máa ń wà lẹ́yìn ọsibítù. Ṣé kó lọ ṣí i fún yín ni?"

"Ọkùnrin ló wà níbẹ̀," Yísà wí. "Imú mi ń sọ fún mi."

"Kò sí ọkùnrin kankan, sà," Ràhímátù dáhùn. "Ọjọ́ tí mo lọ ṣe ìdánwò ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, mo yọjú sí ọsibítù wọn. Bẹ́ẹ̀dì kún ibẹ̀, aláìsàn kan ò sí lórí ẹ̀. Ara ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ mi níṣẹ́? Ẹ lọ wò ó fúnra yín kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ni Yísà bá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó gba Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí lọ láàárín àwọn tírélà tó gùn tó ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Ọláṣùmbọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa mú àwọn òbí yí ilé-ìwé ká, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ọjọ́ tó dáa lẹ wá, sà. Àwọn tí ìjọba rán wá yẹ ilé-ìwé wò wà lọ́dọ̀ wa lónìí."

Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé Yísà bọ́ bàtà rẹ̀, kó má baà tẹ ojú ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù mú tó bẹ́ẹ̀ tí bísímílà tó ṣe fẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ṣílẹ̀kùn wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin fún un. Aláìsàn kún gbogbo bẹ́ẹ̀dì fọ́fọ́!

Áà! Ọmọ yìí parọ́ fún òun. A jẹ́ pé ọkùnrin wà ní Kwárà lóòótọ́! Ó ti ki ọwọ́ bàpò láti fa fóònù yọ, kó pe ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi. Ó tún wọ́ọ̀dù wò. Ẹbí dà? Ọsibítù wo ni kò ní ìyá kan tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, tàbí ìyàwó kan tó gbé fúláàsì dání? Ẹnìkan ò pe nọ́ọ̀sì. Apá àwọn aláìsàn wọ̀nyí sì nípọn bí òpó ilé. Ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì wé lẹ́sẹ̀ dé ìtan ń fi ẹsẹ̀ ọ̀hún jó sí orin tó ń gbọ́ létí.

"Ìyáàfin, kí ló ń ṣe èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé?"

"Rọpárọsẹ̀ ni, sà. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ti kú."

Bí Yísà ṣe sún mọ́ ọn, olóògbé apá yìí fi aṣọ borí kíá, apá ọ̀tún ló sì fi fà á.

"Ẹnì kejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Orí ilé ló ti já. Ẹ̀yìn ti kán. Kò lè dìde jókòó rárá."

Àwọn aláyẹ̀wò, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù, ti dé ìdí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí kérora lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Yísà ti fẹ́ máa gba ti ìkérora náà gbọ́ nígbà tí ládánì gbóhùn sókè láti mọ́sáláṣí kékeré tó wà ní sáìtì ìkọ́lé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àlàásárì ti tó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aláìlápá ló kọ́kọ́ ju aṣọ nù! Ẹlẹ́yìn kíkán fò bọ́ sílẹ̀ bí eéṣú. Ẹlẹ́sẹ̀ báńdéèjì sáré débi omi tí dókítà ti ń fọwọ́, ó ń ṣàlùwàlá, ìlà sì ti tò sí i lẹ́yìn. Àwọn tó kó wọn wá ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má sì jókòó. Ẹnìkan ò rántí bá wọn sọ̀rọ̀ ìrun. Ní sáìtì wọn, bí ládánì bá pè, kódà ẹni tó ru bíríkì á sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tò, wọ́n tẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn tó kán yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ ní rúkúù, ẹ lè jẹun lórí ẹ̀.

Ìrun kì í dúró de ìfura. Yísà náà wọ ìlà. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ó yíjú sí ọ̀tún, àfi Àṣírù, aládùúgbò rẹ̀ ní Ajah, tó ń rẹ́ ògiri fún àwọn kọ́lékọ́lé.

"Àṣírù! Ìgbà wo lo rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀? Ṣebí àná lo ru sìmẹ́ǹtì kọjá níwájú ilé mi."

"Ẹ̀gbọ́n Yísà, ẹ dákun, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ ni. Wọ́n ní ká wá sùn, mo ní wọ́n bí mi sí i."

"Dókítà wo ló wé báńdéèjì fún yín?"

"Dókítà kẹ̀? Fóòmánù wa ni. Ó tiẹ̀ fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n kó lè gún."

"Aláìsàn gidi wá dà?"

"Láti ìpìlẹ̀ ni mo ti ń bá wọn kọ́ ilé yìí. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan wúkọ́ níbẹ̀." Àṣírù wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. "Àbí ẹ̀yin náà wá sùn ni? Bẹ́ẹ̀dì kan ṣì ṣófo lọ́hùn-ún."

Ọ̀kan nínú àwọn aláyẹ̀wò ti fi ìdérí dé bíírò rẹ̀, kò kọ̀wé mọ́. Òógùn bo Ìyáàfin Ọláṣùmbọ̀ nínú òtútù yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kú.

"Ṣé ẹ rí i bí ìtọ́jú wa ṣe ń ṣiṣẹ́ kíákíá, sà?"

"Mo rí i, màmá. Ẹ gé ìdajì owó tó kù náà kúrò."

Ó wọlé ní Ajah lálẹ́, ó jókòó láìbọ́ fìlà. Ó ròyìn tán, Fúnláyọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún, nítorí ó mọ ohun tí ìròyìn náà túmọ̀ sí. Kwárà ti gba ọmọ lọ nìyẹn.

"Ràhímátù," ni Yísà wí, "kí lo rí ní Kwárà gan-an? Òótọ́ ni kó o sọ."

"Ọjọ́ tí mo lọ ṣe ìdánwò tiwọn, aláìsàn ni mo rí ní ọsibítù wọn, sà. Wọ́n pọ̀, kò sáyè ìdúró. Ìyá àgbà kan rò pé nọ́ọ̀sì ni mí, ó di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀ títí wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́ tán. Mo rò ó pé n ò ní fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn láyé yìí."

Yísà wò ó. Ó wò ó bó ṣe ń wo omi inú ọ̀rá lójú oòrùn, ó pẹ́ díẹ̀. Kò rí ìdọ̀tí kankan.

"Fa fóònù rẹ yọ. Sọ fún Kwárà pé ò ń bọ̀."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù. Yísà yíjú sí ojú pópó kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

"Ìyá àgbà yẹn ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá mi."

"Bó o bá débẹ̀, kó o béèrè."